Àbójútó ìròyìn: ta ló yẹ kó di múdù mú?

Màmá kan wà ní àdúgbò wa ní Kubwa, l'Abuja, tó ń ta ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò kan kéde pé àwọn agbébọn ti ya wọ ibì kan tí kò jìnnà sí wa. Màmá pa ṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n sáré lọ mú àwọn ọmọ-ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́. Kó tó di ọ̀sán, a ti gbọ́ pé kò sóhun tó jọ ọ́. Rédíò náà ò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Màmá bi mí pé: "Ọmọ mi, ṣé òfin ò de irọ́ lórí rédíò ni? Kí ló ń dá ìjọba dúró tí wọn ò fi ti ibẹ̀ pa?"

Ohun tí Màmá ń béèrè là ń pè ní àbójútó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́: kí ìjọba gbé àjọ kan kalẹ̀ tí yóò fún ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ìwé àṣẹ, tí yóò kọ ìlànà fún wọn, tí yóò sì bá ẹni tó bá rú u wí. Ní Nàìjíríà, NBC (National Broadcasting Commission) ni àjọ náà. Òfin ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀, Abuja níbí sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ìwé ìròyìn kì í gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀nà tí ohùn rédíò ń gbà nínú afẹ́fẹ́ kò pọ̀. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá jókòó sórí nọ́ńbà kan náà nílùú kan, ariwo lásán la óò máa gbọ́. Gbogbo ìlú ló ni ọ̀nà náà, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gbàyè. Abala 39 nínú ìwé òfin ọdún 1999 là á sílẹ̀: gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìjọba, kò sẹ́ni tó lè dá rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ìwé ìlànà NBC ní kí ìròyìn jẹ́ òótọ́, kó má ṣègbè, kí a sì tún àṣìṣe ṣe. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ta ni yóò sọ pé èyí lòótọ́, èyí nirọ́? Múdù ni Màmá fi ń wọn ẹ̀wà, ohun tí à ń pè ní kóńgò nílé, ojú oníbàárà ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Kò sí bí wọ́n ṣe máa gbà kí ẹlẹ́wà tó ń bá wọn du oníbàárà wá máa yẹ múdù wọn wò. Ìjọba pẹ̀lú ń ta ìròyìn: òun ló ni NTA, òun ló ni Radio Nigeria. Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá àgbà NBC. Ìjọba yìí kan náà sì ni ìròyìn ń dá lé lórí lójoojúmọ́.

Ojú wa ti rí i rí. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari ṣe òfin kan, Decree 4, tó sọ ẹni tó bá gbé irọ́ nípa òṣìṣẹ́ ìjọba jáde di ọ̀daràn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n òfin náà ní akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ ni kó fi ẹ̀rí gbè é pé òótọ́ lòun sọ. Ìjọba ò ní láti fi hàn pé irọ́ ni. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Guardian ti Nàìjíríà, ṣẹ̀wọ̀n lábẹ́ rẹ̀, nítorí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú Nàìjíríà lókè òkun.

Ti ayé ìsinsìnyí náà ń bẹ. Lóṣù kẹta ọdún 2019, NBC bu owó ìtanràn ₦500,000 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ 45 lórí, ó ní wọ́n rú ìlànà. Lóṣù karùn-ún ọdún 2023, Adájọ́ James Omotosho ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja fagi lé e. Ó ní NBC kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ẹni tó kọ òfin, tó fẹ̀sùn kàn ọ́, kò yẹ kó tún jókòó dájọ́ rẹ.

Ṣé ká wá fi irọ́ sílẹ̀ kó máa rìn ni? Rárá o. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin péré ti tó kí irọ́ orí rédíò fi paniyàn lókè Ọya níbí, níbi tí ìbẹ̀rù agbébọn ti wà lọ́kàn gbogbo wa. Kánádà ka ìròyìn èké léèwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àjọ wọn fẹ́ dẹ òfin náà lọ́dún 2011, aráàlú kọ̀, àjọ náà sì jáwọ́. Ti Ofcom, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ NBC nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wù mí jù: ìlànà wọn ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ṣe àṣìṣe ńlá nínú ìròyìn jẹ́wọ́ lórí afẹ́fẹ́, kó tún un ṣe kíákíá, lásìkò tó yẹ.

Irú àbójútó tí mo fẹ́ nìyẹn. Kí àjọ má sọ fún wa pé òótọ́ nìyí. Kó bi rédíò pé: ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ pe ọlọ́pàá kẹ́ ẹ tó kéde? Ẹni tí ẹ dárúkọ ńkọ́, ṣé ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀? Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ padà wá sọ ọ́ láàárọ̀, nígbà tí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ń gbọ́? Ìbéèrè tó ní ìdáhùn tí èèyàn lè yẹ̀ wò ni wọ́n, yálà ìjọba fẹ́ràn ìròyìn náà tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá di ti ìyà, kí adájọ́ dá a.

Mo sọ fún Màmá pé aráàlú lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí NBC, pé kí wọ́n kọ orúkọ rédíò, ọjọ́, wákàtí àti ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé. Wọ́n fa ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí yọ lábẹ́ káńtà, wọ́n ṣí i sẹ́yìn. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọ̀sán: aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.