Ọkọ̀ tí a ń wà, tí a sì ń sùn sí: bí háyà àti rírà rẹ̀ ṣe rí fún ẹni tó fẹ́ rin Èkìtì

Ní Cairns, ìlú kan ní àríwá Ọsirélíà, ẹni tó bá fẹ́ wọ igbó Cape York lọ lè háyà campervan tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti táńkì omi ti wà nínú rẹ̀. Ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ pé ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò lórí ọ̀dà, àfi tó bá jẹ́ èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà. Àwọn arìnrìn-àjò míì a ra tiwọn, wọn a lò ó fún oṣù mélòó kan, wọn a sì tà á fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkìtì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bọ́ọ̀sì, dẹ́rẹ́bà, kápẹ́ńtà, àti àwọn ìlú tó mọ àlejò tọ́jú. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lè rin ìpínlẹ̀ náà já láìsanwó hòtẹ́ẹ̀lì lálaalẹ́.

Háyà ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tí kò sun inú ọkọ̀ rí kò tíì mọ̀ bóyá ara òun yóò gbà á, kò sì yẹ kó tìtorí ìyẹn ra mọ́tò. Oríṣi méjì ni háyà: ti ojoojúmọ́ àti ṣátà. Nínú ti ojoojúmọ́, owó ọkọ̀ àti iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà ni onímọ́tò sábà máa ń gbà, ẹni tó háyà ni yóò máa ra epo. Nínú ṣátà, iye kan ni wọ́n máa ń dá lé e láti ibi kan dé ibòmíràn, epo sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ti ojoojúmọ́ ló bá ẹni tó fẹ́ yà síbí, yà sọ́hùn-ún mu, nítorí dẹ́rẹ́bà tó gba owó ṣátà yóò máa ka gbogbo ìyàbàrá sí àdánù. Kí onímọ́tò fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ láìsí dẹ́rẹ́bà, ìyẹn ṣọ̀wọ́n, kò sì yẹ ká dá a lẹ́bi.

Iye owó nìkan kọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ta ni yóò máa bọ́ dẹ́rẹ́bà? Níbo ni òun fúnra rẹ̀ yóò sùn nígbà tí àlejò bá ti gba inú ọkọ̀? Aago mélòó ni iṣẹ́ òòjọ́ ń parí? Tí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, ta ni yóò sanwó fọkanáísà? Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i, kí wọ́n san apá kan owó ṣáájú, kí ìyókù dúró di ọjọ́ ìpadàbọ̀. Kí wọ́n wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà pẹ̀lú: pupa ni ìkọ̀wé ara nọ́ńbà ọkọ̀ akérò, búlúù ni ti aládàáni. Inṣọ́ránsì tí wọ́n ṣe fún mọ́tò aládàáni lè má dáhùn bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń gbé èrò fún owó.

Táyà ni kí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó yẹ ẹ́ńjìnì wò. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2223 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2023. Ọdún mẹ́rin ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sọ pé kí táyà lò mọ. Lẹ́yìn èyí ni búréèkì. Òkè ló yí ìlú bíi Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, ẹni tó bá sì ń tẹ búréèkì láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀ yóò mú kí ó gbóná débi tí kò ní í múlẹ̀ mọ́. Gíà kékeré ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì náà ní ipò fún un, a máa ń kọ ọ́ ní L tàbí 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ gíà.

Ẹni tó bá háyà tó sì rí i pé ó bá òun lára mu ló lè ronú rírà. Hiace, tí àwọn èèyàn ń pè ní Hummer bus, fẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Fún èèyàn méjì pẹ̀lú ọmọ kan, Toyota Sienna tòkunbọ̀ ti tó. Láti ọdún 2004 ni ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá rẹ̀ ti ń ká wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀. Tí wọ́n bá yọ ti àárín kúrò, páńkó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ yóò tẹ́jú síbẹ̀. Ẹ́ńjìnì lítà 3.3 tó wà nínú ti 2004 sí 2006 ń lo bẹ́líìtì tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ lásìkò, 3.5 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ń lo ṣéènì. Èyí tó ní ṣéènì sàn fún ẹni tí kò mọ ìtàn ọkọ̀ tó ń rà. Nọ́ńbà ṣaasí jẹ́ àmì mẹ́tàdínlógún, ìkẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà: 8 ni 2008, A ni 2010. Kó bá èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ̀mù mu, láìṣẹ́ ku ẹyọ kan, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Kápẹ́ńtà kan ní Adó-Èkìtì lè fi páńkó àti fóòmù ṣe ibùsùn náà, àpótí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹrù. Kí wọ́n má ṣe kàn án mọ́ ara ọkọ̀, kí wọ́n má sì ta àwọn ìjókòó tí wọ́n yọ. Àwọn tó ń gbé èrò ń wá Sienna lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó ní ìjókòó pé ni wọ́n ń fi owó gidi rà. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí wọ́n fi sí fèrèsé, kí aṣọ ìkélé wà fún alẹ́. Gíláàsì dúdú yóò mú kí ọlọ́pàá máa bèèrè ìwé àṣẹ. Bátìrì kékeré kan pẹ̀lú sólà lórí ọkọ̀ tó fún iná, fáànù àti fóònù.

Ìta ni a ti ń dáná gáàsì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan èédú sínú ọkọ̀ nítorí òtútù ọyẹ́, kò sì gbọdọ̀ sùn kí ẹ́ńjìnì tàbí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́ nítòsí. Èéfín kan wà nínú wọn tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Oṣù kọkànlá ló dára jù láti jáde. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀nà eléruku ti ń le, omi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò kò sì tíì fà. Láti Adó, ọ̀nà Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ ló lọ sí apá ibẹ̀, kí a tó yà gba Ẹríjìyàn dé Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé tí wọn kò sì tètè dà pọ̀. Ìkẹ́rẹ́ wà lápá kejì, òkè Ọlọ́sùnta àti Òrólè ló wà níbẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ, Adó ń ṣe ọdún Udiroko, Ìrè ń ṣe ọdún Ògún: ó dùn wò púpọ̀, àmọ́ kí àlejò béèrè tẹ́lẹ̀ ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí.

Ibi tí ọkọ̀ yóò sùn ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ. Kì í ṣe etí títì, kì í ṣe ìdí òkè, bó ti wù kí ibẹ̀ rẹwà tó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Òkè-Àkó, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí ọmọ ilé ìwé gbé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì wọn ní Ẹmùré. Kí ọkọ̀ ti wọ ọgbà kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọgbà náà lè jẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọn yóò gba owó páàkì díẹ̀, ó lè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ìdílé kan nínú ìlú. Ní abúlé, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lọ. A óò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí i, a óò sọ iye tí a jẹ́ àti ọjọ́ tí a óò lọ. Tó bá ti gbọ́, àwọn ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò náà yóò mọ̀ pé àlejò baálẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Kí nọ́ńbà 122 ti FRSC wà lórí fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ fún ìjàǹbá ojú ọ̀nà, kí 112 wà fún pàjáwìrì mìíràn.

Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọbọ́ kò gbọdọ̀ dà sínú odò tàbí orísun kankan, torí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò lè máa pọn ọ́n mu. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí wọ́n dà á sí títí wọn yóò fi dé ibi tí gọ́tà wà, kí ìdọ̀tí sì bá ọkọ̀ padà sí Adó.