Ohun tó ń dá sípíkà dúró lọ́nà

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ra sípíkà ilé láti ilẹ̀ òkèèrè ti lè bá gbólóhùn kan pàdé rí: "A kò lè fi ọjà yìí ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín." Aṣọ kọjá, ìwé kọjá, bàtà kọjá, sípíkà nìkan ló kù sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdènà tó wà lórí sípíkà pọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí tó dí òun lọ́nà gan-an ló lè mọ̀ bóyá ọ̀nà mìíràn wà.

Inú sípíkà fúnra rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Irin òòfà ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà tí wọ́n ká bí òrùka sì wà nínú àlàfo tóóró tó wà láàárín irin náà. Bí iná orin bá ti ń gba inú wáyà yìí kọjá, òòfà á máa tì í síwájú, á máa fà á sẹ́yìn, bébà tó rí bí àrọ tó so mọ́ ọn á sì máa gbọn afẹ́fẹ́. Ohùn tí à ń gbọ́ nìyẹn. Òòfà yìí kan náà ni àwọn tó ń kó ẹrù sínú bàálù ń ṣọ́ra fún. Bí ẹ̀rọ atọ́nà ṣe pọ̀ tó nínú bàálù òde òní, kọ́ńpáàsì ṣì wà níwájú awakọ̀ fún ọjọ́ tí àwọn yòókù bá kú, òòfà ilẹ̀ ayé ni kọ́ńpáàsì sì ń tẹ̀ lé. Agbára òòfà ilẹ̀ ayé kò pọ̀: láti nǹkan bí 0.25 sí 0.65 gauss ni, gauss sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Òòfà mìíràn tó bá wà nítòsí lè tan kọ́ńpáàsì jẹ.

Ìdí nìyí tí ìlànà IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, fi ní kí wọ́n wọn páálí kí ó tó wọ bàálù. Bí wọ́n bá dúró ní mítà 2.1 sí i, tí agbára òòfà rẹ̀ kò ju 0.002 gauss lọ, ẹrù lásán ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sún sẹ́yìn dé mítà 4.6. Níbẹ̀, bí kò bá ti ju 0.00525 gauss lọ, bàálù lè gbé e, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù olóòfà, UN 2807 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú ẹrù eléwu kọ̀ọ̀kan mọ̀ kárí ayé), tó ní àmì àti ìlànà tirẹ̀. Èyí tó bá tún ju ìyẹn lọ kò lè wọ bàálù láìsí ìyọ̀ǹda pàtàkì láti ọwọ́ ìjọba. Ẹ wò ó bí òṣùwọ̀n náà ṣe kéré tó: 0.00525 gauss kò ju bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún agbára òòfà ilẹ̀ ayé lọ.

Síbẹ̀, mo gbà pé wọ́n ń di ẹ̀bi tó pọ̀ jù ru òòfà. Bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí òòfà, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nítorí náà, sípíkà kékeré méjì nínú páálí tí fóòmù yí ká kì í sábà kọjá ààlà. Ibi tí wàhálà ti ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá to ọgọ́rọ̀ọ̀rún sípíkà tí kò tíì ní àpótí jọ, tí gbogbo wọn sì kọjú síbì kan náà, tí òòfà wọn wá ń ran ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí lè pa agbára ìkejì rẹ̀. Ní ti ojú òkun, kò sí ìdènà yìí rárá: òfin ẹrù eléwu inú ọkọ̀ ojú omi kò ka òòfà sí ewu.

Bátìrì ló yẹ ká bẹ̀rù. Sípíkà alágbèéká tó ń lo Bluetooth ní bátìrì lítíọ̀mù nínú. Bí ẹyọ kan nínú bátìrì náà bá gbóná kọjá ààlà, bóyá nǹkan gún un ni tàbí ó ti ní àbùkù láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ooru rẹ̀ á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á gbiná, á sì ran òmíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù ẹrù kan ti ilé-iṣẹ́ akẹ́rù UPS tó gbéra láti Dubai gbiná lójú ọ̀run. Bátìrì lítíọ̀mù pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Èéfín kún ibi tí àwọn awakọ̀ jókòó sí débi pé wọn kò rí ẹ̀rọ iwájú wọn mọ́. Bàálù náà já, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì kú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ "ohun èlò ilé" sára páálí kí wọ́n má bàa mọ̀ pé bátìrì wà nínú rẹ̀, kí ó rántí wọn.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2016, bátìrì lítíọ̀mù tó dá wà, ìyẹn UN 3480, kò gbọdọ̀ bá ẹrù lọ nínú bàálù tó ń gbé èrò. Nínú bàálù ẹrù pàápàá, iná inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lè gbà lọ. Ọwọ́ tí wọ́n fi mú èyí tó wà nínú sípíkà, UN 3481, rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò wà níbẹ̀. Ẹ fi fóltì bátìrì náà sọ ampere-hour rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí watt-hour, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná tí bátìrì náà lè gbé; 100 ni ààlà. Fóltì 7.2 pẹ̀lú ampere-hour 5 jẹ́ watt-hour 36, èyí kò le. Sípíkà òde àríyá tó ń lo fóltì 14.4 pẹ̀lú ampere-hour 10 jẹ́ 144, ó sì ti kọjá ààlà 100 yẹn. Ìlànà kíkún fún ẹrù eléwu ló kàn án, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Bátìrì tó bá ti wú tàbí tó ti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ wọ bàálù rárá. Ìṣòro gidi nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ dá sípíkà tó ní àbùkù padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn èyí ni títóbi. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kì í wo ìwúwo nìkan. Wọ́n máa ń ṣírò àyè tí páálí gbà. Ẹ fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga sọ ara wọn di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi 5,000 pín in, ìṣirò tó wọ́pọ̀ fún ẹrù ilẹ̀ òkèèrè. Páálí sípíkà onídùúró tó jẹ́ 120 lọ́nà 50 lọ́nà 40 yóò di kìlógíráàmù 48, bí sípíkà náà kò tilẹ̀ wúwo ju 25 lọ. Owó 48 ni wọ́n á gbà. Méjì-méjì sì ni à ń ra sípíkà.

Ìdènà tí ẹnìkan kì í sọ jáde ni àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà máa ń yan alágbàtà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kà á léèwọ̀ fún un láti tà kọjá ibodè rẹ̀. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2018 sọ pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ torí orílẹ̀-èdè tí oníbàárà ń gbé kọ̀ láti tajà fún un, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó gbé e dé ilé rẹ̀. Oníbàárà ló máa wá ẹni tó máa bá a gbé e. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà tún wà ńbẹ̀: sípíkà tó ní ẹ̀rọ amóhùnga nínú, tí wọ́n ṣe fún fóltì 120 ti Amẹ́ríkà, lè jóná lórí 230 ti Yúróòpù. Sípíkà tó kàn ń gba wáyà látara ẹ̀rọ mìíràn kò ní ìṣòro yìí. Kò ní bátìrì, kò sì ní Wi-Fi tó nílò ìyọ̀ǹda ìjọba.

Ohun tó kẹ́yìn ni igi. Àwọn sípíkà àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi igi rosewood ti Brazil bo ara wọn. Láti ọdún 1992 ni igi náà ti wà lábẹ́ ààbò tó le jù lọ nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu píparun. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú sípíkà bẹ́ẹ̀ kọjá ibodè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gé igi rẹ̀ ṣáájú òfin. Láìsí ìwé yìí, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e, bí igi tó wà lára rẹ̀ kò tilẹ̀ nípọn ju èékánná lọ.