PostgreSQL lórí sáfà Linux

PostgreSQL jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú dátábéèsì. Inú àwọn tábìlì tó bá ara wọn tan ni ìsọfúnni máa ń wà nínú rẹ̀, èdè SQL ni wọ́n sì fi ń pàṣẹ fún un. Yunifásítì California ní Berkeley ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986, lábẹ́ Michael Stonebraker, tó ti wà lára àwọn tó ṣe Ingres, ètò dátábéèsì mìíràn, ṣáájú. Ní 1994, Andrew Yu àti Jolly Chen fi SQL kún un, wọ́n sì pè é ní Postgres95. Ní 1996 ló di PostgreSQL. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó dá a ni. Ẹ̀yà ńlá tuntun ń jáde lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń ṣàtúnṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún 5.

Gbígbé e kalẹ̀

Lórí Debian àti Ubuntu, àṣẹ kan ti tó: sudo apt install postgresql. Àṣẹ yìí á dá àyè dátà sílẹ̀ sínú /var/lib/postgresql, á kó àwọn fáìlì ìṣètò sí /etc/postgresql, á sì tan sáfà náà fúnra rẹ̀. Ti Fedora àti Red Hat yàtọ̀. Lẹ́yìn dnf install postgresql-server, kò ní sí ohun tó máa ṣiṣẹ́ títí alábòójútó yóò fi lo postgresql-setup --initdb, tó ń dá àyè dátà sílẹ̀ sínú /var/lib/pgsql/data, kó tó fi systemctl enable --now postgresql tan án. Ibí yìí ni ẹni tí Debian ti mọ́ lára ti sábà máa ń kọsẹ̀.

PostgreSQL kì í gbà kí root, orúkọ tó ní gbogbo àṣẹ lórí Linux, tan òun. Orúkọ postgres ló fi ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó bá já wọ dátábéèsì ti gba gbogbo ẹ̀rọ nìyẹn.

Ta ló lè wọlé?

Fáìlì pg_hba.conf ló ń pinnu èyí, òun náà ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Ká ní alábòójútó fi sudo -u postgres psql wọlé (psql ni ètò tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ sí sáfà náà), ó sì kọ báyìí:

CREATE ROLE akowe LOGIN;
\password akowe
CREATE DATABASE ile_iwe OWNER akowe;

Tó bá jáde, tó wá tẹ psql -U akowe ile_iwe, èsì tó máa rí ni «Peer authentication failed for user "akowe"». Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kò tọ̀nà. Sáfà kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ìlà «local all all peer» nínú fáìlì náà ní kó wo orúkọ tí onítọ̀hún ń jẹ́ lórí Linux, orúkọ yẹn kì í sì í ṣe akowe. Tó bá fi -h localhost kún àṣẹ rẹ̀, ìlà mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú host, ni yóò bá a mu. Lórí Debian, scram-sha-256, ọ̀nà tó ń fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé dá èèyàn mọ̀, ló wà níbẹ̀, ìgbà yẹn ni sáfà máa tó béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá ìsopọ̀ kan mu ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: bí ìyẹn bá kọ̀, sáfà kò ní wo ìlà tó kù nísàlẹ̀. Èyí tó léwu jù ni trust, tó ń gba ẹnikẹ́ni wọlé láì béèrè nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn, ní pọ́ọ̀tì 5432. Kí ẹ̀rọ mìíràn tó lè kàn sí i, a ní láti yí listen_addresses padà nínú postgresql.conf, ká sì pa sáfà ká tún un tàn. Ní ti pg_hba.conf, reload ti tó, ìyẹn kí sáfà tún fáìlì náà kà láì pa á.

Àbójútó

128MB ni shared_buffers, mẹ́mórì tí sáfà fi ń di dátà mú, sábà máa ń jẹ́ látilẹ̀. Ó kéré fún sáfà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ìdá kan nínú mẹ́rin mẹ́mórì ẹ̀rọ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìsopọ̀ 100 ni max_connections ń gbà, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ) tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ibi tí èrò ti pọ̀ fi ń fi PgBouncer, ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èrò pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò, síwájú rẹ̀.

Bí a bá yí ìlà kan padà nínú tábìlì, PostgreSQL kì í pa ti àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tuntun ló ń kọ sílẹ̀, kí ẹni tó ń ka ti àtijọ́ lọ́wọ́ lè kà á tán. Autovacuum ló ń gbá àwọn òkú ìlà wọ̀nyí kúrò, ẹni tó bá sì pa á nítorí pé ó ń jẹ dísíìkì ń fa wàhálà sílé. Tábìlì á máa wú, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sàmì sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì máa sún mọ́ òpin rẹ̀, ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2. Bó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, sáfà kò ní gba àkọsílẹ̀ tuntun mọ́.

Fún ẹ̀dà ìpamọ́, pg_dump ń da dátábéèsì kan kọ, ṣùgbọ́n kì í kó orúkọ àwọn tó ní àṣẹ àtiwọlé mọ́ ọn. Àṣẹ pg_dumpall --globals-only ló ń ṣe ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ padà sí ìṣẹ́jú kan pàtó ṣáájú jàǹbá gbọ́dọ̀ ti fi pg_basebackup ṣe ẹ̀dà sílẹ̀, kó sì ti máa kó fáìlì WAL, níbi tí sáfà ti ń kọ gbogbo ìyípadà sílẹ̀, pamọ́ láti ìgbà náà. Kíkọ́pì àyè dátà lásán nígbà tí sáfà ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀dà tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Láti ẹ̀yà 16.1 bọ́ sí 16.2, pípààrọ̀ ètò àti títún un tàn ti tó. Láti 16 bọ́ sí 17, dátà fúnra rẹ̀ ní láti kọjá lábẹ́ pg_upgrade, tàbí kí wọ́n dà á kọ kí wọ́n sì tún un kó wọlé. Debian ní pg_upgradecluster fún iṣẹ́ yìí.