Iṣan Squid Ni Baba Ńlá Enable

Lára régúlétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú fóltéèjì dúró sójú kan, tí wọ́n ń kó sínú sátẹ́láìtì, ẹsẹ̀ kan (irin kékeré tí wáyà ń so mọ́) wà tó ń jẹ́ enable. Bí fóltéèjì orí rẹ̀ bá ga dé ìwọ̀n kan, régúlétọ̀ á jí. Bó bá wálẹ̀ kọjá ìwọ̀n mìíràn, á sùn. Ìwọ̀n méjì ni mo wí o, kì í ṣe ẹyọ kan.

Àwọn oní-dígítà á ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ọgbọ́n ìwọ̀n méjì yìí ti wá, pé TTL, irú sákíìtì dígítà kan tí James Buie dá sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ TRW ní 1961, ló mú un wá: 0.8 fóltì sísàlẹ̀ jẹ́ òdo, 2.0 sókè jẹ́ ení. Lóòótọ́, a ṣì ń rí nọ́ńbà wọ̀nyẹn káàkiri. Ṣùgbọ́n TTL kò ṣèlérí ohunkóhun fún ẹni tó bá wà láàárín 0.8 sí 2.0. Ó tán.

Ọ̀dọ̀ àwa oní-analog ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà, ó sì ti pẹ́. Ẹ wo rílé, ìyẹn súwíìṣì tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ń ṣí tó sì ń pa, tí Joseph Henry ṣe ní nǹkan bí 1835. Iná tó pọ̀ ló ń béèrè kó tó lè fa irin mọ́ra; tó bá ti fà á tán, díẹ̀ ló fi ń dì í mú. Mo máa ń rò ó pé àwọn tó ń tẹ teligíráàfù á ti fetí gbọ́ ọ, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fojú rí i, nítorí rílé tí kò ní àlàfo láàárín ìwọ̀n méjì yìí á máa gbọ̀n kẹ́kẹ́kẹ́ lórí tábìlì ni. Ní 1934, Otto Schmitt ń ṣèwádìí nípa iṣan ìmọ̀lára ẹ̀dá òkun tí wọ́n ń pè ní squid, ìyẹn ló sì mú un dé ibi sákíìtì tó ní ààlà méjì, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938.

Hysteresis ni orúkọ àlàfo náà. Ewing, onímọ̀ físíìsì ará Scotland, ló ti inú èdè Gíríìkì mú ọ̀rọ̀ náà wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí nǹkan rẹ̀yìn. Èmi ì bá pè é ní ìfàsẹ́yìn, àfi pé etí wa ti mọ ìyẹn sí ọ̀rọ̀ ibi. Bẹ́ẹ̀, ire ló ń ṣe níbí. Ẹ mú régúlétọ̀ tí kò ní in, kí ẹ máa yí fóltì enable sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: tó bá kan ààlà, ariwo orí wáyà (fóltì tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀) á máa tàn án, á máa pa á, ojú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fóltì, á dà bí eyín ayùn.

Ìtànṣán (radiation) ló wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe dandan. Ní July 9, 1962, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù átọ́míìkì Starfish Prime ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè òkun Pàsífíìkì. Ọjọ́ kejì ni Telstar, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀, gbéra wọ inú ìtànṣán tí bọ́ǹbù náà fi sílẹ̀. Kó tó di ìparí ọdún, kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Ẹ̀yà tó ń túmọ̀ àṣẹ gan-an ni ìtànṣán bà jẹ́! Àwọn Bell Labs tó ṣe é dọ́gbọ́n gé iná kúrò lórí àwọn tiransísítọ̀ rẹ̀, ó jí ní January 1963, ó sì dákẹ́ pátápátá ní February.

Ní 1964, àwọn olùwádìí Hughes àti Giroux fi hàn pé ìtànṣán ń yí ààlà MOS, irú tiransísítọ̀ kan, fúnra rẹ̀ padà: ẹrù iná ń há sínú ọ́ksáìdì rẹ̀. Tí enable bá gbára lé ààlà tiransísítọ̀ bẹ́ẹ̀, níbo ni yóò wà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lójú òfurufú? Ìdí nìyẹn tí bandgap, sákíìtì tó ń fúnni ní fóltì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, fi wúlò, èyí tí Hilbiber gbé jáde lọ́dún 1964 kan náà, tí Widlar àti Brokaw sì tún un ṣe ní 1971 àti 1974. Nǹkan bí 1.2 fóltì ló ń fúnni, ara sílíkọ́nì fúnra rẹ̀ ló sì ti wá. Fi enable wé e, kí rẹ̀sísítọ̀ méjì máa pín fóltì tó ń wọlé kó tó dé ibẹ̀, 33k lókè, 12k nísàlẹ̀, régúlétọ̀ kò ní jí títí iná tó ń wọlé yóò fi pé 4.5 fóltì.

Ní 1991 wọ́n rí i pé ìtànṣán tó ń kán díẹ̀díẹ̀ lè ba tiransísítọ̀ bípólà, irú tiransísítọ̀ mìíràn, jẹ́ ju èyí tó dà lù ú lẹ́ẹ̀kan lọ, ìdánwò sì yí padà. Wọ́n tún ń so kapásítọ̀ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ enable, kí ion (átọ́ọ̀mù tó gbé ẹrù iná) kan ṣoṣo tó gba ibẹ̀ kọjá má baà pa régúlétọ̀.