Ilẹ̀ àti Iṣẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣètò Ogun Orí Tábìlì

Ọpọ́n ayò kì í yí padà. Ihò méjìlá ni lánàá, ihò méjìlá náà ni lọ́la. Ọ̀ta tó bá mọ̀ ọ́n ta nílé á mọ̀ ọ́n ta lóko. Ogun orí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké jà, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tó fẹ́ jà ní láti kọ́kọ́ tẹ́ ojú ogun fúnra wọn: òkè síhìn-ín, igbó sọ́hùn-ún, àlàpà sáàárín. Wọ́n á tún fẹnu kò lórí ohun tí ẹni tó bá máa borí gbọ́dọ̀ ṣe. Ilẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí eré yìí a máa náwó nára sórí ère, wọ́n á kùn ún títí á fi máa dán, wọ́n á wá gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni eré ti ń bàjẹ́.

Ìdí ni pé lórí ilẹ̀ tí kò ní ibi ìsápamọ́sí, ìbọn tó ń lọ jìnnà ló ni gbogbo rẹ̀. Oníbọn á dúró síbi tó wà, á máa yìn ín; àwọn tó jẹ́ pé idà ni tiwọn á ti tán kí wọ́n tó rin ìdajì ọ̀nà. Ẹni tí dáìsì bá fún láyè láti kọ́kọ́ yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí nìyẹn, ọgbọ́n kò sí níbẹ̀.

Warhammer 40,000, eré tí ilé-iṣẹ́ Games Workshop ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe, dára láti fi ṣàpẹẹrẹ. Nínú ìtẹ̀jáde rẹ̀ kẹwàá, tó jáde ní 2023, tábìlì ogun tó wọ́pọ̀ gùn ní ínǹṣì 60, ó fẹ̀ ní 44. Àlàpà ló ṣe pàtàkì jù lórí rẹ̀. Ẹni tó wà níta àlàpà kò lè ríran la inú rẹ̀ já sí òdìkejì, kódà bí fèrèsé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, yàtọ̀ sí ọkọ̀ òfuurufú. Àmọ́ ó lè rí ẹni tó wà nínú rẹ̀, bí ògiri kò bá bò ó tán. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ yìnbọn á bẹ̀rẹ̀, á gbé ojú dọ́gba pẹ̀lú ère rẹ̀, á wò ó. Bí ó bá rí apá kan lára ọ̀tá, ó lè yìn ín.

Ká ní ọmọ ogun márùn-ún ló lúgọ sẹ́yìn ògiri náà, tí ìhámọ́ra wọn jẹ́ 5. Bí ọta ìbọn lásán bá bà wọ́n, wọ́n á ju dáìsì. 5 tàbí 6 nìkan ló máa gbà wọ́n là, ìyẹn ojú méjì nínú mẹ́fà. Ògiri á sọ 5 yẹn di 4, ó di ojú mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi lé e. Òfin náà tún ronú jinlẹ̀: ẹni tí ìhámọ́ra rẹ̀ ti jẹ́ 3 tàbí 2 kì í jẹ àǹfààní ògiri bí ìbọn tó kọjú sí i kò bá lè gún irin. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, alágbára á wọ inú àlàpà, kò ní sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ lè gba ara ògiri àlàpà kọjá. Ọkọ̀ ogun ní láti yí i po. Nítorí náà, àyè tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láàárín àlàpà méjì ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ máa gbà. Bí àyè ọ̀hún kò bá gba ọkọ̀, wọ́n ti dí ọ̀nà pa nìyẹn, ì báà jẹ́ pé wọn ò mọ̀.

Ta ló wá yẹ kó tẹ́ ilẹ̀? Ìdáhùn tó dáa jù ti wà láti 1913, nínú Little Wars, ìwé òfin tí H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ fún ogun ọmọ ogun ìṣeré. Ẹnì kan ló máa to ilẹ̀ náà. Bí wọn ò bá ti fẹnu kò sórí ẹni náà, wọ́n á fi owó ẹyọ mú un. Ẹnì kejì ló máa wá yan ẹ̀gbẹ́ tí òun fẹ́ ti jà. Ẹni tó mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran, ó dájú pé á gé e dọ́gba. Lẹ́yìn náà, bí aṣọ bá wà, wọ́n á ta á sáàárín pápá, kálukú á to ọmọ ogun rẹ̀ láìrí ti ẹnì kejì.

Wells náà rí i pé kí wọ́n kàn máa pa ara wọn tán kò tó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjà àjàkú akátá, ó ṣe irú ogun mìíràn tó jẹ́ pé ẹni tó bá mú ọmọ ogun mẹ́ta, ó kéré tán, dé ìlà ẹ̀yìn ọ̀tá ló borí. Kálukú wá ní láti rìn, kó sì tún máa ṣọ́ ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ yẹn ni àmì róbótó ń ṣe nínú Warhammer. Márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fi sórí tábìlì, ẹni tó bá sún mọ́ ọn tó ínǹṣì 3 ló lè du ú. Wọn kì í ka agbára ìbọn. Nọ́ńbà kan tó wà lórí káàdì ère ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni àmì náà. Ọmọ ogun márùn-ún tó ní 2, 2 jẹ́ 10. Ọkọ̀ ńlá tó ní 5 kò lè gba àmì lọ́wọ́ wọn, àfi kó kọ́kọ́ pa mẹ́ta nínú wọn. Nínú iṣẹ́ tó wọ́pọ̀, àmì kọ̀ọ̀kan ń mú póìǹtì 5 wá, kò sì gbọ́dọ̀ ju 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìpele kejì nínú márùn-ún ni wọ́n ti ń kà á, kí ẹni tó kọ́kọ́ rìn má baà kó èrè kí ẹnì kejì tó gbẹ́sẹ̀.

Ibí ni ilẹ̀ àti iṣẹ́ ti pàdé. Bí gbogbo àmì bá wà nínú àlàpà, kálukú á wọlé jókòó, eré á dì. Bí gbogbo wọn bá wà ní gbangba, kò sẹ́ni tó máa lè dúró tì í pẹ́. Tábìlì tó dáa ní méjèèjì.

Ohun tó sábà ń fa àríyànjiyàn ni etí igbó. Ère igi mẹ́ta lè dúró fún igbó kìjikìji, ó sì lè jẹ́ igi mẹ́ta lásán. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí a máa gé páálí tàbí aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á to igi lé e lórí. Ibi tí páálí bá pin sí ni igbó pin sí. Bí ọmọ ogun bá wọ inú rẹ̀, wọ́n á ṣí igi kúrò kí ère lè rí àyè dúró. Páálí á wà níbẹ̀, igbó ò sì lọ síbì kankan.