Ẹnu fèrè ló dáyé ṣáájú ara rẹ̀: ìpilẹ̀ṣẹ̀ kilarinẹ́ẹ̀tì Í-fíláàtì

Bí Í-fíláàtì, ìyẹn kilarinẹ́ẹ̀tì kékeré, bá wà nínú bẹ́ńdì tó ń tò kọjá lọ ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, ẹ ò ní í wá a kiri. Ohùn rẹ̀ ló máa ń ta yọ lókè gbogbo fèrè yòókù, tó tín-ínrín, tó sì mú bí abẹ́rẹ́. Kilarinẹ́ẹ̀tì Bí-fíláàtì tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 66. Kékeré yìí ò ju nǹkan bíi 49 lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé Bí-fíláàtì ni ìyáàlù, Í-fíláàtì ni omele. Kíá ni wọ́n máa ń lóye.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa ń béèrè pé, "Bọ̀dá, kí ni kí n kọ́kọ́ rà?" Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹnu ni, ríìdì tẹ̀lé e, ìyẹn ahọ́n pẹlẹbẹ tí wọ́n gé lára esùsú, tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè, ara fèrè gbẹ̀yìn. Àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ ra ara tó ń dán gbinrin, wọ́n á wá gba ẹnu yòówù tó bá bá a wá. Mi ò bá wọn jiyàn púpọ̀. Wọn ò mọ ibi tí fèrè yìí ti ṣẹ̀ wá ni.

Ẹni tó bá ti gbé ní Òkè Ọya rí á ti rí i. Ọmọ darandaran á gé pòpórò ọkà bàbà, á fi ọ̀bẹ ṣí ahọ́n pẹlẹbẹ kan lára rẹ̀ láì gé e já, á gbé e sẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì fun ún. Ahọ́n yẹn á máa gbọ̀n, pòpórò á sì ké. Kò sí kíì, ìyẹn irin tí ìka ń tẹ̀ lára fèrè, kò sí síkúrù, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni san. Kilarinẹ́ẹ̀tì nìyẹn tán. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì náà ní tiwọn, tí wọ́n ń pè ní memet: ọ̀pá méjì tí wọ́n so pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n tirẹ̀. Ó wà nínú àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ibojì láti ohun tó lé ní 4,000 ọdún sẹ́yìn.

Èrò tèmi ni pé ti pòpórò ló pẹ́ jù. Ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọkà bàbà di ohun ọ̀gbìn, ibi tí ọkà bá sì wà, pòpórò á wà níbẹ̀, ọmọdé tó ń wá nǹkan ṣeré náà á wà níbẹ̀. Mo tún gbà pé ohùn yẹn ti dé Òṣogbo tipẹ́tipẹ́. Ní 1840, nígbà tí àwọn Ìbàdàn lé ọmọ ogun Ìlọrin padà nílùú wa, ẹṣin ni Ìlọrin gbójú lé. Ẹṣin ń jẹ pòpórò. Ṣé nínú gbogbo àwọn ọmọ tó ń bọ́ ẹṣin ní ibùdó, kò wá sí ẹyọ kan tó fi ọ̀bẹ ṣí ahọ́n sára pòpórò nírọ̀lẹ́? Mo gbà pé ó wà. Ọ̀nà irin tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1907 kàn mú irú rẹ̀ wá sí i ni, nínú ẹrù àwọn tó wá ń gbé Sàbó.

Ẹ tún wo orúkọ. Bàbá kilarinẹ́ẹ̀tì ní Yúróòpù ni chalumeau. Inú èdè Látìnì lorúkọ náà ti wá, calamus, tí Látìnì gbà lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì: koríko gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Gíríìkì kan náà ni Lárúbáwá ti rí qalam, tí àwọn ààfáà wa ń pè ní kálàmù. Kálàmù tí wọ́n fi ń kọ wàláà ní ilé kéú àti ríìdì tó wà létè mi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìgbà tí mo mọ èyí, mo lọ sọ ọ́ fún ààfáà àdúgbò wa lọ́jọ́ náà gan-an. Orúkọ kilarinẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kàkàkí kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí bí Walther, onímọ̀ orin ará Jámánì, ṣe kọ ọ́ ní 1732, ẹni tó bá gbọ́ ọ látòkèèrè á rò pé kàkàkí ni.

Wọ́n á ní Johann Christoph Denner ará Nuremberg ló dá a, torí pé Doppelmayr, tó kọ ìwé nípa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1730, ọdún 23 lẹ́yìn tí ọkùnrin náà kú. Ó dáa. Denner fi kíì méjì kún un, ohùn òkè sì là. Ṣùgbọ́n ahọ́n ti wà kí wọ́n tó bí i.

Òwú ni wọ́n fi ń so ríìdì mọ́ ẹnu fèrè nígbà náà. Iwan Müller, afunfèrè tó gbé kilarinẹ́ẹ̀tì oníkíì 13 síwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orin Paris ní 1812, ni wọ́n ní ó mú ìdè onírin onísíkúrù wá, òun náà ló sì ń polongo pé kí ríìdì wà lórí ètè ìsàlẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ará Jámánì mìíràn ṣì ń fi òwú so ó títí dòní. Èmi náà ti fi òwú aránbàtà so tèmi lọ́jọ́ ìsìn kan tí ìdè mi já, ó sì dún dáadáa. Ẹ lọ bi àwọn Àyàn. Igi ọ̀mọ̀ tó hù lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń wá fún ìlù, nítorí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. Àmọ́ awọ ni ń sọ̀rọ̀, ọṣán ló sì ń fún un lóhùn. Igi ń gbọ́, awọ ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni fèrè yìí rí.

Ọ̀rọ̀ tó kù ò pẹ́. Bẹ́ńdì ológun ló fẹ́ ohùn tó lè ta yọ níta gbangba, ni wọ́n fi gé fèrè kúrú. Berlioz, ará Faransé tó ń kọ orin sílẹ̀, kó Í-fíláàtì wọ inú orin ńlá ní 1830. Klosé afunfèrè àti Buffet tó ń ṣe fèrè gba ìwé àṣẹ lórí ètò kíì tí à ń lò lónìí ní 1844, ilé-iṣẹ́ Vandoren bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ríìdì ní 1905, Ravel, ará Faransé mìíràn tó ń kọ orin, sì lo Í-fíláàtì nínú orin rẹ̀, Boléro, ní 1928.

Ẹnu tí ẹ ó rà, rọ́bà líle ni, rọ́bà tí wọ́n fi imí-ọjọ́ sè. Láàárín 1890 sí 1900, àwọn oníṣòwò ń kó rọ́bà inú igbó ilẹ̀ Yorùbá gba Èkó lọ sókè òkun, inú mi sì máa ń dùn láti rò pé díẹ̀ nínú rẹ̀ di ẹnu fèrè. Ẹ má ra èyí tí ojú rẹ̀, ìyẹn àyè tó wà láàárín òun àti ríìdì, ṣí jù. Í-fíláàtì tó la ẹnu gbàgà máa ń dá ètè lágara, ohùn rẹ̀ kì í sì í dúró. Èmi fẹ́ràn B44 ti Vandoren. Ríìdì tí nọ́ńbà líle rẹ̀ jẹ́ 2½ tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ríìdì Í-fíláàtì kéré sí ti Bí-fíláàtì. Òǹtajà kan ta páálí kan fún mi rí tó ní ti Í-fíláàtì ni. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ti Bí-fíláàtì ni gbogbo rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo fi bílédì gé ìdí rẹ̀, ibi tó nípọn, mi ò fọwọ́ kan ṣóńṣó rẹ̀ rárá, ó sì ṣiṣẹ́. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ọ̀gá òkè òkun kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ara fèrè, igi dúdú tí àwọn ará Tanzania ń pè ní mpingo ló dára jù, ó sì ń hù lókè ọya wa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè là á. Oníke tòkunbọ̀ tí kíì rẹ̀ ń pa dé dáadáa sàn fún ẹni tí ò ní àyè ìtọ́jú. Ẹ yẹ bárẹ̀lì rẹ̀ wò, ìyẹn ọ̀pá kúkúrú tó so ẹnu mọ́ ara fèrè: nínú ooru ọ̀sán, ohùn fèrè máa ń gòkè, ẹ sì nílò àyè láti fà á jáde díẹ̀, nítorí lórí fèrè tó kúrú báyìí, ìdajì mìlímítà ti pọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan gbé tòkunbọ̀ kan wá bá mi, kíì rẹ̀ ti ṣì, ó ní kò dún, ó fẹ́ dá a padà. Mo yọ ẹnu tó bá a wá, mo ki tèmi bọ̀ ọ́, kọ́ọ̀kì rẹ̀ fúnra díẹ̀. Mo ní kó fun ún. Ìyá rẹ̀ tó wà ní kíṣínì jáde wá wo ẹni tó ń fun ún.