Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Mọ́tò Yín Ń Ha? Ẹ Má Tíì Ra Bíárìn

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé mọ́tò wá bá wa ní Òṣogbo ti ra páàtì kí wọ́n tó dé. Ọ̀rẹ́ kan ti bá wọn gbọ́ ariwo náà, ó ti ní bíárìn ni (irin róbótó tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò yí geere), wọ́n sì ti yà rà á lọ́nà. Nígbà tí a bá tú ẹsẹ̀ náà tán, bíárìn le koko, ṣúù bíréèkì, èyí tó ń dá ẹsẹ̀ mọ́tò dúró, ló ti jẹ tán. Owó bíárìn ti wọgbó nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ni pé ìgbà wo ló ń dún. Ní ti bó ṣe ń dún, kálukú ló ní bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan á ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó sínú mọ́tò kan náà á ní wùùù ni.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni irin ń ha irin, inú bíréèkì ni kí ẹ ti wá a. Ọ̀pọ̀ Corolla tó ń ná ìgboro yìí, dírọ́ọ̀mù (irin róbótó bí ìkòkò tó ń bá táyà yí) ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn wọn, ṣúù méjì sì wà nínú dírọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Ojú ṣúù máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ tán, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí orí rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó tó de ojú ṣúù mọ́ irin), á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ dírọ́ọ̀mù. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú u lójú yín, tó bá sì ti tutù, kí ẹ fi ìka yí inú rẹ̀ po. Ó yẹ kó jọ̀lọ̀. Èyí tí rífẹ́ẹ̀tì ti gbẹ́, ìka yín á máa bọ́ sínú kòtò tó yí i ká, etí rẹ̀ á sì ti ga bí ètè ìkòkò. Wọ́n lè gbé e lọ sórí ẹ̀rọ léètì kí wọ́n fá a, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí fífá mọ. Wọ́n kọ ọ́ sára dírọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀: MAX DIA, pẹ̀lú iye mìlímítà. Tó bá ti kọjá iye yẹn, ẹ ra òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹnu tàbí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Àwọn ṣúù kan ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ Camry, dísìkì (irin pẹlẹbẹ bí àwo tó ń bá táyà yí) àti páàdì tó ń fún un mọ́ra ló wà lẹ́yìn. Páàdì sábà máa ń ní irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń han gooro nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán. Ẹni tó fi rédíò bo ìyẹn mọ́lẹ̀ ló ń padà gbọ́ irin sí irin. Tí páàdì bá ti ku nǹkan bíi mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì rántí pé ṣúù kékeré ti hándìbíréèkì ṣì wà nínú dísìkì ọ̀pọ̀ wọn. Òun náà máa ń já, á sì máa yí nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ó ti pààrọ̀ páàdì, ariwo ò sì lọ.

Ariwo tí kò ka bíréèkì sí, tó jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń sáré ló ń pọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíárìn ti wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi gíà sí fíríì díẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń yí lọ. Tó bá ṣì ń dún, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sí ojú ọ̀nà tó gbòòrò, bíi ti Gbọ̀ngán, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí èrò kò tíì pọ̀ (ẹ má dán an wò ní Ọláìyá tí ọ̀kadà ń gba ọ̀tún gba òsì), kí ẹ máa lọ bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kí ẹ wá rọra darí sí ọ̀tún, kí ẹ sì darí sí òsì. Tí ẹ bá darí sí ọ̀tún, ẹrù mọ́tò á tẹ̀ sórí ẹsẹ̀ òsì. Tí ariwo bá pọ̀ sí i nígbà yẹn, bíárìn òsì ni kí ẹ fura sí. Tó bá jẹ́ pé bí ọ̀dà títì ṣe yí padà ni ohùn ń yí padà, táyà tó jẹ ségesège ni, ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹ̀rí ìkẹyìn wà lórí jáàkì. Ẹ fi òkúta há táyà iwájú méjèèjì, ẹ tú hándìbíréèkì, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, kí ẹ sì fi sítáǹdì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan yí táyà, kí ẹ gbé ọwọ́ kejì lé sípíríǹgì ẹsẹ̀ náà. Bíárìn tó ti bàjẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára nínú sípíríǹgì yẹn, á máa gbọ̀n wúruwùru. Ẹ tún di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Tó bá ń yẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò náà lọ sí Ìbàdàn, nítorí táyà lè há tàbí kó yọ lójú ọ̀nà.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kọ́ńsítán-féló ẹ̀yìn (oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà) ló kú, ẹ béèrè bóyá iwájú ni mọ́tò yín ti ń fà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ kékeré tí à ń gùn, iwájú ni. Wọn ò ní kọ́ńsítán-féló lẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, òkúta wẹ́wẹ́ ló há sí àárín dísìkì àti páànù ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń gba ọ̀nà tí kò lọ́dà mọ ìyẹn. Bí ẹ bá fi ríbáàsì díẹ̀, ó lè já bọ́. Èyí tó ń ha láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, tó dákẹ́ lẹ́yìn títẹ bíréèkì díẹ̀, ìpẹtà lásán ni, kò la owó lọ.

Tó bá wá jẹ́ bíárìn lóòótọ́, tó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọ inú ọ́ọ̀bù (irin àárín tí wọ́n de táyà mọ́), ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fi hámà lù ú. Èyí tí wọ́n bá lù wọlé, ó ti fara pa kó tó rìn, iná ABS (ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) sì lè tan sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti wa mọ́tò díẹ̀, ẹ padà lọ kí wọ́n tún fún àwọn nọ́ọ̀tì táyà le.